Súwẹ́tà tí Monínúọlá Fi Èènì Sí

Ẹ sún mọ́ ibí. Ìwọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ń retí ọlọ́pàá, gbé àpótí rẹ wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé pariwo, torí àwọn tó kàn ṣì wà ládùúgbò, etí wọn sì mú. Ọ̀rọ̀ Monínúọlá ni, Monínúọlá oníresì, ìyá Àyọ̀kẹ́, ọmọ Ìgbẹmọ tó wá lọ́kọ sí Adó, tó sì di ẹnu ìyá rẹ̀ mọ́ ẹrù ìyàwó wá.

Ẹnu yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí Monínúọlá bá kí ọ ní Ọjà Ọba láàárọ̀, wàá délé kóo tó rántí pé o ò tíì ra ohun tóo wá rà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Ìrẹsì Ìgbẹmọ ló ń tà, èyí tó pọ́n díẹ̀ lára, tó ń ta sánsán nínú ìkòkò, tí òkúta sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè ṣà á. Bóo bá lọ bá a pé òkúta fẹ́ ká ọ léhín, á ní, "Ehín rẹ ni kò lágbára. Ta ni mo ní kó jẹ ẹ́ láìṣà?" Lẹ́yìn náà á ki ọwọ́ méjèèjì bọnú igbá, á bu ìrẹsì, á dà á lé èyí tó ti wọ̀n fún ọ. Èènì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rajà lọ́wọ́ Monínúọlá tí kò gba èènì. Ọmọdé gbà, ọlọ́pàá gbà, ẹni tó bú u tán pàápàá gbà. Ó ní ọjà tí kò léèènì, olè jíjà ni.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rò pé á mú abẹ́rẹ́ ìhun dání? Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi àwọn tí ń hun wúùlù ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Oòrùn Adó yìí náà la jọ ń yá, wọ́n tún ń wá ooru kún ooru."

Ó di ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti fẹ́ Adérẹ̀mí, ọ̀gbẹ́ni tíṣà, oyún sì ti yọ dáadáa. Ìyá Adérẹ̀mí wá kí Monínúọlá nílé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ́ tónítóní, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà. Wọ́n kí ara wọn tán, wọ́n jẹ obì tán, ló bá ní:

"Àna mi, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú o. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, ẹ ṣáà bá wa gbé ìrẹsì yín wá. Aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún àwa tá a mọ̀ ọ́n."

Monínúọlá rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́. Ó sìn ín dé òpópó, ó ní kó kí wọn nílé. Nígbà tó padà wọlé, ó gbá ìlẹ̀kùn débi pé alángbá méjì já bọ́ lára ògiri.

"Àwa tá a mọ̀ ọ́n!" Ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Èmi tí mo bí ìyá ọmọ, èmi tí n ó wẹ̀ ẹ́, èmi tí n ó pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìnkùlé ni n ó ti máa ro ìrẹsì nígbà tí wọ́n bá ń gbé e jáde? Àyọ̀kẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn máa rí lára ọmọ yìí lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fojú kan ìta, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló ti máa wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má pè mí ní ìyá ẹnikẹ́ni mọ́."

Àyọ̀kẹ́ wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ tó nípọn bí orí ọmọ odó.

"Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"

"Ojú abẹ́rẹ́ ló kéré. Ṣé èmi ni mo ṣe é ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Monínúọlá gba ṣọ́ọ̀bù Ṣìkẹ́ lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣìkẹ́, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ wá sí Adó. Òwú ló kún inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òrùlé. Wúùlù ló pọ̀ jù, ìdì ìdì, ó rọ̀ bí ọmọ adìyẹ tuntun, àwọn obìnrin tí ń kọjá lọ sọ́jà á na ìka kan fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì tètè fà á padà bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í rà á, torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ni Ṣìkẹ́ bá kéde pé ẹni tó bá ti ra wúùlù lọ́wọ́ òun, òun á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hun ún, lọ́fẹ̀ẹ́, nírọ̀lẹ́ tọ́jà bá ti tú. Ẹni tí kò bá ní abẹ́rẹ́ ìhun, kó lọ gba sípóòkù méjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kó pọ́n orí rẹ̀ lára òkúta títí tá á fi dán.

Àwọn yòókù lọ gba sípóòkù àlòkù. Monínúọlá yọ méjì lára kẹ̀kẹ́ Adérẹ̀mí tó gbé ti ògiri. Kí ni Adérẹ̀mí fẹ́ sọ? Ìyá ìyàwó ẹni! Láti ọjọ́ náà ni kẹ̀kẹ́ ọ̀gbẹ́ni tíṣà ti ń jó lójú ọ̀nà bí ẹni tó mẹmu yó.

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, Màmá?" Ṣìkẹ́ bi í.

"Èyí tó pọ́n fòò yẹn."

"Pupa? Fún ọmọ tuntun? Funfun ni wọ́n máa ń lò, Mà."

"Funfun ni àna mi máa lò. Ìwọ ṣáà fún mi ní èyí tí ẹni tó wà lórí òkè Olóta máa rí."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù. Kúdírát, ọmọ Ìlọrin tí ń ta ọṣẹ dúdú, ló jókòó ti Monínúọlá, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan kó iná àti epo síbì kan náà.

Ṣìkẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ojú sórí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ ki abẹ́rẹ́ kejì bọ inú ojú, ẹ fi òwú yí i, ẹ fà á jáde, kí ẹ wá jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ bọ́ sílẹ̀."

"Wọlé, kó ẹrù, jáde, sálọ," Monínúọlá wí. "Iṣẹ́ olè lo ń kọ́ wa yìí."

Ó ki ètè bọnú, ó fojú mọ́ ọn, ó fa òwú bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Kúdírát wò ó.

"Ìyá Àyọ̀kẹ́, ẹ rọra. Òwú ni, kì í ṣe ejò."

"Ẹnu rẹ, Kúdírát! Tìrẹ yẹn ńkọ́? Ṣé kànìnkànìn lo fẹ́ máa tà mọ́ ọṣẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òwú fi lọ́ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Monínúọlá ṣeré. Ó gbé sípóòkù lọ sọ́jà. Bí kò bá sí oníbàárà, ó ń hun. Bí oníbàárà bá ń ná ọjà, ó ń hun. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó hun ìlà kan dé òpin, kò sí ojú kankan tó bọ́. Inú rẹ̀ ìbá dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń rìn ín lára. Ó wo ìlà náà lọ, ó wò ó bọ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe parí, kò dín, kò lé. Ó rí bí ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ gé lórí igbá.

"Háà," ló wí. "Àjèjì tó ń kọjá lọ sí Ìkẹ́rẹ́, mo fún un léèènì. Ọmọ ọmọ mi wá ni n ó máa wọ̀n nǹkan fún ní gẹ́lẹ́, bí ahun?"

Ó bá dá ojú kan lé e. Ó yí i padà, ó hun ìlà tó tẹ̀lé e, ó dé òpin, ó tún dá ọ̀kan lé e. Báyìí ló ń ṣe. Gbogbo ìlà ló gba èènì. Lọ́jọ́ tọ́jà bá tà, á fi méjì sí i. Lọ́jọ́ tí Àyọ̀kẹ́ wá sọ fún un pé ọmọ ń tàpá nínú òun, mélòó ló fi sí i lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ṣìkẹ́ kò sí ńlé tó máa rí i. Ó ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní kí gbogbo wọn kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá kí òun wò ó. Kúdírát mú tirẹ̀ jáde, fìlà ni, ó ṣe bí ẹní jọ fìlà. Ó kan Monínúọlá. Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Ó fà á jáde. Ó ń fà á. Ó tún ń fà á. Òwú ti kún orí sípóòkù débi pé ó ti fi ṣuku àgbàdo dí ìdí wọn kí ojú má baà máa já bọ́. Ìsàlẹ̀ aṣọ náà kò ju ìdí ọmọ ọwọ́ lọ. Òkè rẹ̀ gbòòrò bí apá igún.

Ṣìkẹ́ na aṣọ náà síta, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ẹ̀yìn súwẹ́tà ni."

"Ẹ̀yìn ta ni?"

"Ẹ̀yìn ọmọ. Ọmọ Àyọ̀kẹ́."

"Màmá, ọmọ wo ló lẹ́yìn tó báyìí?"

"Mo fi èènì sí i ni," Monínúọlá wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àbí ẹ kì í ṣe èènì ní Abẹ́òkúta?"

Kúdírát ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò purọ́, ó ṣubú, fìlà rẹ̀ ló fi nu omijé ẹ̀rín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," Ṣìkẹ́ wí, ó ń gbìyànjú kí òun má rẹ́rìn-ín, "ẹ jẹ́ ká tú u. Ká tú u dé ìsàlẹ̀ níbí, ká tún un hun. Àyè ṣì wà."

"Ká tú kí ni?" Monínúọlá gbá aṣọ náà mọ́ àyà. "Ṣé o ti rí mi kí n sáré tẹ̀lé oníbàárà, kí n ní kó kó èènì mi padà wá rí? Ohun tí mo bá ti fi lé e, ó ti lọ nìyẹn. Orí ọmọ tí kò tíì dáyé ni n ó ti wá bẹ̀rẹ̀ gbígba nǹkan padà? Ká má rí i!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí ni kẹ̀kẹ́ jíjó Adérẹ̀mí ti já wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó ti ń pariwo:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa bọ̀ o! Àyọ̀kẹ́ ti bí! Ọkùnrin ni!"

Ọmọ náà kò dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà rárá.

Monínúọlá kó lọ sílé Àyọ̀kẹ́ lọ wẹ ọmọ. Bó ṣe gbé e sórí itan fún ìgbà àkọ́kọ́, tó bomi sí i lára, ló rí i bó ṣe kéré tó. Ọmọ náà kò gùn tó apá rẹ̀. Ejìká rẹ̀ kò ju ẹyọ obì méjì lọ. Ó wo ọmọ, ó ronú kan ohun tó wà nínú agbọ̀n, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló jókòó sẹ́yìnkùlé, ó di orí òwú mú kó tú u. Ó fa ojú kan. Ojú kan náà péré. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé ojú náà padà sípò.

Ṣìkẹ́ wá kí ìyá ọmọ. Kò sọ̀rọ̀ èènì mọ́. Ó bá a pa ojú òkè aṣọ náà dé kó má baà tú, ó yọ sípóòkù, ó ká a fún un. Monínúọlá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ó kó ìró lé e lórí. Ojú tì í. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ojú ti Monínúọlá! Ó pinnu pé lọ́jọ́ ìkómọjáde, òun á wẹ ọmọ tán, òun á kọjá lọ sídìí ìrẹsì, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ṣe ti wọn lọ.

Ọjọ́ náà dé, ọyẹ́ sì bá a dé. Ọyẹ́ tó mú ètè èèyàn ya, tí èéfín ń jáde lẹ́nu bí ẹni pé gbogbo Adó ń mu páìpù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, àwọn èèyàn ti jókòó ságbàlá, àlùfáà ti dé. Nínú yàrá, Monínúọlá wẹ ọmọ, ó fi epo ra á, ó nà án, ó tẹ orí rẹ̀. Kò kọrin. Kò bú ẹnikẹ́ni. Àyọ̀kẹ́ ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ń wo aláìsàn.

Ìyá Adérẹ̀mí wọlé nínú búláòsì tó fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà, tó fi ń ṣe fújà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó mú súwẹ́tà rẹ̀ jáde. Funfun báláú ni, ó ní bọ́tìnnì wẹ́wẹ́. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó dára. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ó bá a mu rẹ́gí.

"Ìwọ̀n ni gbogbo nǹkan," Ìyá Adérẹ̀mí wí. Ó wá yíjú sí Monínúọlá. "Àna mi, Kúdírát ọlọ́ṣẹ ní ẹ̀yin náà hun tiyín. Ẹ má fi pamọ́ fún wa o. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Monínúọlá wo agbọ̀n. Kí ló gbé e dání wá sínú yàrá fún, òun gan-an kò mọ̀. Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan." Ṣùgbọ́n èèyàn tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan ní gbangba, kí ló kù? Ó fà á jáde. Ó ń fà á. Àwọn ìyàwó ilé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró dí ẹnu.

"Yéè!" Ìyá Adérẹ̀mí wí. "Àna mi, ọmọ ti bọ́ sáyé o, àbí erin lẹ tún ń retí?"

Ẹ̀rín bú yàrá. Monínúọlá tẹrí ba. Obìnrin tí wọ́n ń sá fún lọ́jà! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà padà.

Ni Àyọ̀kẹ́ bá na ọwọ́.

"Màámi, ẹ bá mi fi bora. Òtútù ń pa mí."

"Àyọ̀kẹ́, súwẹ́tà ni."

"Ohun yòówù kó jẹ́. Ẹ sọ ọ́ lé mi léjìká."

Wọ́n gbé e lé e léjìká. Ibi tó gbòòrò wá bọ́ sí ọrùn rẹ̀, etí aṣọ náà méjèèjì wálẹ̀ síwájú kọjá ìgbáròkó, ibi tó kéré yẹn sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, bí ìrù ẹyẹ. Àyọ̀kẹ́ gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, ó ká etí kan lé etí kejì. Ọmọ wọlé. A ò rí ọmọ mọ́. A ò rí funfun kankan mọ́.

Wọ́n pe ìyá ọmọ síta. Bó ṣe yọ síta ni gbogbo orí yí. Pupa fòò, nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan dúdú, tí gbogbo nǹkan rí bí eérú!

"Ẹ wo ìborùn!" obìnrin kan kígbe. "Níbo lẹ ti rà á? Ìbàdàn ni?"

"Màámi ló hun ún," Àyọ̀kẹ́ dáhùn, kò fi ohùn pamọ́ rárá.

Ìyá Adérẹ̀mí sáré sọ sí i létí. "Ìyàwó mi, ṣí i díẹ̀, kí wọ́n rí súwẹ́tà ọmọ."

"Ìyá wa, ọmọ ń mu ọmú. Atẹ́gùn á wọlé sí i lára."

Ìyá Adérẹ̀mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ìyá ọmọ, Monínúọlá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, torí àlùfáà ní ìyá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n bi Monínúọlá ní orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ, ó ní Olúyẹmí. Àdúrà àlùfáà gùn. Ọyẹ́ fẹ́ wá láti orí òkè, ó la àgbàlá já. Ehín Ìyá Adérẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, gbogbo èèyàn ń gbọ́ ọ lábẹ́ àdúrà.

Monínúọlá la ojú kan. Ó wò ó. Ó gbé etí aṣọ náà sókè lẹ́yìn Àyọ̀kẹ́.

"Àna, ẹ wọlé."

"Rárá o, ẹ ṣeun, ara mi le."

"Mo ń gbọ́ bó ṣe le. Ẹ wọlé, kí ẹ má baà gé ahọ́n yín jẹ lójú àlùfáà."

Atẹ́gùn tún fẹ́. Ìyá Adérẹ̀mí sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó tún sún mọ́ ọn. Kí wọ́n tó ṣe àmín, ejìká rẹ̀ méjèèjì ti wà lábẹ́ wúùlù, àyè sì ṣì kù. Ó rọra fi ìka ra aṣọ náà wò, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wá ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ títí, kò rí i.

"Àna mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ dákun, báwo lẹ ṣe mú un tó fi ń fẹ̀ lọ báyìí? Ẹ máa kọ́ mi o."

Àyọ̀kẹ́ wojú ìyá rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé sún mọ́ tòsí. Gbogbo wọn mọ ẹnu yẹn, wọ́n mọ̀ pé ohun tó máa jáde nísinsìnyí, wọ́n á máa sọ ọ́ títí di ọdún méjì.

Monínúọlá wo àna rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé èébú tó ti dé ètè rẹ̀ mì. Ó fi etí aṣọ náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá mi dì í mú, kó má wọ́lẹ̀." Ó dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó sì bá tirẹ̀ lọ sídìí ìrẹsì.